Gbogbo Wọn Ló Dìbò fún Ọkọ Mi

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé òun dìbò fún ọkọ mi, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu mi kó fara mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń ra gààrí, mo sì tún gbọ́ ọ láàárọ̀ àná nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́nu obìnrin kan tí mi ò mọ̀ dáadáa, tó fọwọ́ lé mi léjìká bí ẹni tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, a gbìyànjú o. Gbogbo wa la dìbò fún Dádì." Ohun tó ń dùn mí ni pé irọ́ kọ́. Ká ní irọ́ ni, mi ò bá ti gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òótọ́ lobìnrin yẹn sọ. Gbogbo wọn ló dìbò fún un, ìbò yẹn náà ni wọ́n sì fi já a kulẹ̀.

Huntstown la ń gbé, lápá ìwọ̀-oòrùn Dublin, ní Ireland. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Ballycoolin, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Tallaght, níbi tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ò lè gbé mi dé. Kò sẹ́ni tó rán ọkọ mi níṣẹ́ ìṣèlú. Ìdọ̀tí ló gbé e débẹ̀. Pápá kan wà níwájú ilé wa tí àwọn èèyàn ń da agolo bíà àti ọ̀rá sí. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wọ ìbọ̀wọ́, ó mú àpò dúdú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Mo ní, "Dádì, ṣé iṣẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí lẹ tún wá fi kún iṣẹ́ yín ni?" Ó ní iwájú ilé òun ni. Ní Sátidé kejì, ìyá òyìnbó tó ń gbé ní òdìkejì títì jáde wá pẹ̀lú àpò tirẹ̀. Kó tó di ìgbà ooru, wọ́n ti di ẹgbẹ́, wọ́n ti fi ọkọ mi ṣe alága, àwọn tí kò kí wa rí sì ti ń wá kan ilẹ̀kùn wa nítorí iná títì tó kú tàbí igi tó fẹ́ wó.

Ọ̀rọ̀ tó wá sọ ọ́ di olóṣèlú pátápátá ni ọ̀nà Ballycoolin. Láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ títí dé ẹnu géètì àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ibì kan wà tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ rárá. Orí koríko lèèyàn ń gbà. Tírélà á máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, á da omi ẹrẹ̀ lù ọ́ láti orí dé bàtà. Ta ló sì ń gba ibẹ̀? Ẹni tó ní mọ́tò kì í gbà á. Àwọn èèyàn wa ló ń gbà á, àwọn àti àwọn ará Brazil àti àwọn ará Íńdíà. Nígbà òtútù kan, tírélà kan gbá obìnrin kan nínú ìjọ wa sínú kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ń tiro títí dòní. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà yẹn nìkan lọkọ mi ń sọ, tó bá ń jẹun, tó bá ń wẹ̀, tó bá ń wo bọ́ọ̀lù.

A ní kánsẹ́lọ̀ ládùúgbò. Òyìnbó ni, orí rẹ̀ ti funfun, ó ti pẹ́ lórí àga náà ju ọjọ́ orí àwọn ọmọ wa lọ. Àwọn ará ìjọ wa ń pè é ní Bàbá. Lọ́dọọdún tí a bá ń ṣe ìdúpẹ́ ìkórè, Bàbá á wá, wọ́n á gbé e jókòó níwájú, wọ́n á bu ìrẹsì fún un, ata á máa mú omi jáde lójú rẹ̀, gbogbo ìjọ á máa rẹ́rìn-ín ìfẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á to ẹ̀bẹ̀ wọn síwájú rẹ̀: ti ilé, ti ilé-ìwé ọmọ, ti ọ̀nà Ballycoolin. Gbólóhùn kan náà ló fi ń dá gbogbo wọn lóhùn. Á ní, "Leave it with me." Àwọn èèyàn wa á padà sórí ìjókòó, wọ́n á ní Bàbá ti gbọ́, Bàbá ní ká fi í sílẹ̀ fún òun. Mo ti pẹ́ nílùú yìí tó láti mọ̀ pé bí ará Ireland bá sọ gbólóhùn yẹn fún ọ, kó o lọ sùn, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti sùn ṣáájú rẹ. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán náà bẹ Bàbá, Bàbá sì ní kó fi í sílẹ̀ fún òun. Koríko náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà tó sú wa ni a ní ká gbé ọkọ mi jáde fún ipò kánsẹ́lọ̀. Ìyá òyìnbó òdìkejì ló kọ́kọ́ dá a lábàá, òun ló sì ń rọ̀ ọ́ fún odidi oṣù kan kó tó gbà. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. A lẹ pósítà tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó wọ kóòtù tó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo gba gbogbo ìsinmi mi ọdún náà lẹ́ẹ̀kan, mo fi kan ilẹ̀kùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń hó. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kánsẹ́lọ̀ nílé, láyé ìgbà tí ìjọba ẹkùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ́tẹ́, nígbà tí wọ́n ń ju ìwé ìbò sínú àpótí tí wọ́n ya àmì ẹgbẹ́ sí. Bí ọkọ mi ṣe máa ń sọ ọ́, bàbá rẹ̀ kò fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ìbò rí. Àwọn àgbà ìlú ló lọ bẹ̀bẹ̀ fún un láti ilé dé ilé, òun jókòó sílé. Ó gbẹ́ kànga kan fún ìlú, ó ṣe ọ̀nà kan dé oko, ó kú, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi sílẹ̀. Ìtàn yìí lọkọ mi fi fẹ́ mi. Nígbà náà mo rò pé mo ti rí ọmọlúàbí. Ọmọlúàbí ni lóòótọ́, ọmọlúàbí náà ló sì pa wá.

Torí pé tí a bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, kì í lè sọ ọ́. Á kí wọn, á bi wọ́n léèrè ajá, á sọ ti ọ̀nà, á sọ ti pápá, á wá ní èèyàn dáadáa pọ̀ lórí ìwé ìbò náà, kí wọ́n fara balẹ̀ yàn. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Tá a bá kúrò níbẹ̀, màá ní, "Dádì, ẹ ní kí wọ́n dìbò fún yín, ẹ má ní kí wọ́n fara balẹ̀." Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Wọ́n á ti mọ̀, Màmá. Ṣé èmi ni màá tún sọ pé èmi ni mo dáa jù?" Nítorí náà èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan ní "You're grand, love," wọ́n sì tilẹ̀kùn, ìyẹn ni pé rárá. Ọkùnrin òyìnbó kan ní ká padà síbi tí a ti wá. Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn, àwọn tí mi ò retí, sọ fún wa lójú wa pé nọ́ńbà wáàn àwọn ti di tiwa.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Níbí, àga tó wà fún àdúgbò kan ju ẹyọ kan lọ, wọn kì í sì í tẹ̀ka. Nọ́ńbà lèèyàn ń kọ síwájú orúkọ: wáàn fún ẹni tó wù ọ́ jù, tú fún ìkejì, títí lọ. Mo lọ ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdìbò. Mo ní ẹ wò ó bí àwo oúnjẹ kan ṣoṣo. Wáàn ló ń jẹ ẹ́. Tú ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi tí wáàn bá yó tó ṣẹ́kù, tàbí tí wọ́n bá lé wáàn kúrò nídìí àwo. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ wáàn síwájú orúkọ ọkọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ohun tó bá wù yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó ti wọlé sí wọn létí.

Mi ò tíì dé ìjókòó tí pásítọ̀ wa fi gba máìkì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù, kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí Mọ́mì wí. A máa dìbò fún Dádì, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe aláìmoore o. Bàbá ti wà pẹ̀lú wa kí a tó rí ilé ìjọsìn yìí. A ò ní torí pé tiwa jáde ká wá rí àgbà fín. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ẹ fi àgbà síwájú, kí ẹ fi tiwa tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á sì wọlé lágbára Ọlọ́run." Ìjọ ṣe àmín. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkọ mi náà ṣe àmín.

Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ bá pásítọ̀ lẹ́yìn pẹpẹ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ. Àwo kan náà làwọn méjèèjì fẹ́ jẹ." Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ìbò kejì náà, ìbò ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ ń ṣàníyàn jù." Mo pe àwọn tí mo lè pè lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Gbogbo wọn ló ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mọ́mì, a ti mọ ohun tí a máa ṣe." Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ti ń ka ìbò. Wọ́n fi irin dí àwa olùwòran mọ́ ẹ̀yìn, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí òdìkejì, wọ́n ń tú ìwé ìbò sílẹ̀ látinú àpótí, wọ́n ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè na ọrùn kó rí ohun tó wà lórí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù sàmì bí ìwé ṣe ń ṣí. Obìnrin òyìnbó kan lára wọn fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí ilé-ìwé àdúgbò wa dé, níbi tí àwọn èèyàn wa ti dìbò, mo fi ikùn ti irin náà kí n lè ríran.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo rí: wáàn fún Bàbá, tú fún ọkọ mi, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹnì kan nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e: wáàn Bàbá, tú ọkọ mi. Òmíràn. Òmíràn. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gbàgbà, nọ́ńbà tó mọ́, ti àwọn èèyàn tó lọ sílé-ìwé ìgbà tí wọ́n ń fi pàṣán kọ́ni. Òyìnbó tó ń dìbò fún Bàbá kì í rántí ọkọ mi, ẹni tó sì ń dìbò fún ọkọ mi kì í fẹ́ rí Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Dublin yìí àyàfi àwa. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "He's flying on the twos, love. Someone did great work there." Ìyẹn ni pé tú ọkọ mi pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n na ọwọ́ kọjá irin yẹn kí n fi èékánná ha wáàn kúrò lórí ìwé.

Wọ́n ka ìbò náà léraléra, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á pín ìwé rẹ̀ fún àwọn tó kù. Ọkọ mi kò yéé gòkè. Tí wọ́n bá yọ òyìnbó kan, ìdajì ìwé rẹ̀ á wá sọ́dọ̀ wa: ìwé àwọn aládùúgbò, ti àwọn tí wọ́n jọ ṣa ìdọ̀tí, ti àwọn tí iná títì wọn ti tàn. Nígbà tó yá, àga kan ṣoṣo ló kù, èèyàn méjì ló kù fún un. Ọkọ mi ni ọ̀kan. Bàbá ni ìkejì.

Bàbá fi díẹ̀ gba iwájú wa, díẹ̀ tí ẹ ò lè gbàgbọ́. Wọ́n kéde pé wọ́n yọ ọkọ mi, Bàbá ti wọlé. Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, mo fi ọwọ́ hàn án ibi tí wọ́n to ìwé Bàbá sí, tí wọ́n fi rọ́bà dè é. Mo bi í pé àwọn tú tó wà nínú ibẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa kà wọ́n. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọn ò ní kà wọ́n. Ó ní ìwé wọ̀nyẹn ni Bàbá fi wọlé, wọn ò lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Ohun tí mo ti fẹnu mi sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tún sọ fún mi.

Bàbá rìn wá, ó na ọwọ́. Ó ní "Hard luck," pé oríire ò sí lọ́dọ̀ wa, ó ní ọkọ mi á rí i ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ìyá òyìnbó òdìkejì ti ń sunkún. Mo jáde lọ dúró níta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ní mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ní àwọn èèyàn á rò pé a ń bínú. Mo ní inú sì ń bí wa. Ó ní inú kò bí òun. A lọ.

Wọ́n dì mọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí òkú kú fún. Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, ó gbàdúrà fún wa, ó wá ní ká má banú jẹ́, pé gbogbo wa la ṣe ojúṣe wa, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ìlú yìí ò tíì ṣe tán láti rí èèyàn dúdú lórí àga. Ìjọ mi orí, wọ́n ń pòṣé. Ibẹ̀ ni ara mi ò ti gbà á mọ́. Mo dìde. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún máìkì. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá kọ wáàn fún ọkọ mi, kó nawọ́."

Ọwọ́ díẹ̀ gòkè lẹ́yìn pátápátá, àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí a máa ń bá wí pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Láàárín, kò sẹ́ni tó mira. Níwájú, kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí ọkọ mi torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yìí, ló dá mi lóhùn, kò sì ní àrékérekè kankan nínú. Ó ní, "Mọ́mì, a kọ tú fún Dádì. Gbogbo wa la kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, báwo la ṣe máa gbé Dádì ṣáájú Bàbá? Ṣé wọn ò ní ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?"

Mo ní, "Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló máa rí i? Inú àpótí ni." Mo ní ọ̀nà tí tírélà ti gbá a ṣì wà bẹ́ẹ̀, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ballycoolin, torí pé ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ni òun fi sí ìkejì, ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀ ló gbé síwájú. Mo ní àwọn òyìnbó tí pásítọ̀ ń sọ ló gbé ọkọ mi dé ibi tó dé, àwa la fà á bọ́. Pásítọ̀ sọ fún àwọn akọrin kí wọ́n dá orin. Wọ́n dá a, wọ́n gbé e sókè, mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Mo mú báàgì mi.

A wọ mọ́tò, a dé iwájú ilé. Ọkọ mi pa iná ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Kò yẹ kó o bi wọ́n bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò yẹ? Ẹ̀yin ni wọ́n dójú tì."

Ó ń wo pápá tó wà níwájú wa. Ó ní, "Torí pé ká ní o yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, tó o sì wo ọwọ́ mi, o ò bá ti rí i pé mi ò nawọ́."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Mo ní bóyá ìtìjú ni kò jẹ́ kó nawọ́. Ó mi orí. Ó ní nígbà tí òun dé ẹ̀yìn pákó tí wọ́n ti ń dìbò, òun rí àwòrán Bàbá lórí ìwé ìbò, òun rí tòun nísàlẹ̀ rẹ̀, òun gbé pẹ́ńsù. Ó ní ọwọ́ òun kọ̀. Ó ní òun dúró títí ẹni tó wà lẹ́yìn òun fi wúkọ́. Ó ní, "Bàbá mi ò kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú ẹnikẹ́ni rí, Màmá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ wáàn sára ara mi lójú àgbà?"

Mo jókòó síbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo kàn, gbogbo òjò tó pa mí, gbogbo ìsinmi mi. Láti ọjọ́ tí àwọn òbí mi ti fà mí lé e lọ́wọ́, mi ò pe ọkọ mi ní "ìwọ" rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ìwọ. Ìwọ lo kọ tú sí orúkọ ara rẹ."

Mo retí kó jágbe mọ́ mi. Mo fẹ́ kó jágbe mọ́ mi, kó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kó fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan péré pé òun mọ̀ pé òun ṣáájú ẹnì kan láyé yìí. Ó yí ojú sí mi, ó rọra sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ, tó ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ní, "Ẹ má bínú."